Ṣápúmáànù Tí Bàbá Mi Gbé Wá sí Ọ̀fà

Kékeré ni mo ṣì wà, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, nígbà tí bàbá mi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, tí ó sì sọ fún wa pé òun kò ní padà sí Òkè Ọya mọ́. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ̀ẹ̀mejì péré la máa ń rí i lọ́dún, nígbà Kérésìmesì àti nígbà Àjíǹde. Èmi àti Ṣeun àbúrò mi ti wọ aṣọ tí a fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a dúró ti ìyá wa, à ń retí aṣọ àti bàtà. Àpótí pákó kan ṣoṣo ni alábàárù gbé sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a délé tí bàbá mi ṣí i, ife onígíláàsì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ife ńláńlá tó ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi dì í mú, tí ó fi ìwé ìròyìn wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Jọ́ọ̀gì kan wà níbẹ̀, àti ṣíbí kan tí ọrùn rẹ̀ gùn jù, àti asẹ́ kékeré kan, àti ìgò kan tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, tí bébà ara rẹ̀ sì tóbi jù ú, bí ọmọ tó wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣeun bú sẹ́kún. Èmi kò sunkún nítorí pé èmi ni àgbà, ṣùgbọ́n mo wo ojú ìyá mi, mo sì rí i pé òun náà ṣì ń fi ojú wá bàtà nínú àpótí náà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ní kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù kan lókè lọ́hùn-ún. Agbọ́tí ni. Ẹ̀yìn káńtà ni ó máa ń dúró sí, tí àwọn tó ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kiri pápá láti àárọ̀ bá sì wọlé pẹ̀lú òógùn lójú, òun ni yóò wá ohun tí wọn yóò mu fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa ní Ọ̀fà, ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni à ń gbé, Ìyá Àgbà sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọkọ rẹ̀, ìyẹn bàbá àgbà tí n kò bá láyé, télọ̀ tó mọ iṣẹ́ gan-an ni, ṣùgbọ́n ó mu ọtí títí ẹnikẹ́ni kò fi gbé aṣọ fún un láti rán mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni Ìyá Àgbà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí kò ní wọ inú ilé òun láéláé, ì báà ṣe ẹmu, ì báà ṣe bíà. Ẹ wá wo bí yóò ti rí lára rẹ̀ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí ló lọ ń bu ọtí fún àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá béèrè bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ní ó wà ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó, kíá ni yóò sì ti béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu l'Ójòkú.

Bàbá mi rí iṣẹ́ sí ilé ìwé girama kan, níbi tí ó ti ń bójú tó yàrá oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé àkọ́kọ́ tí ó lò nílé, ó pe èmi àti Ṣeun, ó ní a fẹ́ ṣe Ṣápúmáànù, ohun mímu tí òun máa ń pò ní kílọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí pé lásìkò yẹn, míńírà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń mu bí omi. Ìgò kan ni wọ́n máa ń pín fún ọmọ mẹ́ta nígbà ìkómọ, a ó sì fi èékánná sàmì sí ara ìgò kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá ibi tirẹ̀. Ká ní ìgò míńírà mẹ́rin nílé ní Sátidé lásán, tí kò sẹ́ni tó bímọ, ohun ìyanu ni.

Olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá mi, tí ó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan n'Íjàgbò, yóò ra ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo máa ń lọ ra kùkúmbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti òkè nínú ọkọ̀ ojú irin. Ṣeun ló ń lọ ra áìsì. Yóò fi àpò ìdọ̀họ wé e, yóò gbé e lé orí, yóò sì sáré délé kí ó tó yọ́ tán, omi tútù á máa ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀, á máa kígbe bí ẹni tí wọ́n ń nà. Lẹ́yìn náà a ó gbé áìsì náà sórí òkúta, a ó fi ọmọ odó fọ́ ọ. Ẹni tó bá jí áìsì jẹ, kí ó kúnlẹ̀ kí ó gbé ọwọ́ sókè. Mo ti kúnlẹ̀ báyìí lọ́pọ̀ ìgbà tí áìsì ṣì ń yọ́ lẹ́nu mi, tí n kò sì kábàámọ̀ rárá.

Bàbá mi á wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kò jẹ́ po Ṣápúmáànù láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Áìsì ni yóò kọ́kọ́ dà sínú jọ́ọ̀gì, ariwo rẹ̀ á sì jẹ́ kí ajá aládùúgbò wa gbó. Yóò da míńírà olómi ọsàn sí i, yóò da funfun sí i, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò gé kùkúmbà àti ọsàn sí i. Omi ṣúgà pupa tí wọ́n ń lò ní kílọ́ọ̀bù kò sí l'Ọ́fà, nítorí náà ìsápá pupa ni ó máa ń sè pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi ki, tí gbogbo ilé á máa ta sánsán. Bí ó bá ti dà á sínú jọ́ọ̀gì, yóò rọra máa sọ̀kalẹ̀ bí èéfín pupa. Ìgbà yẹn ni yóò wá mú ìgò kékeré elẹ́wù ńlá, yóò fi ìka méjì dì í mú, yóò gbọ̀n ọ́n lórí jọ́ọ̀gì. Ó máa ń kán tó tó tó. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ní ibẹ̀ ni Ṣápúmáànù ti ń yàtọ̀ sí omi ṣúgà, pé ìkorò díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹnu tún wá a.

Nígbà tí a bá ń retí kí ó tutù dáadáa, yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún wa gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un. Wọ́n ní láyé àwọn òyìnbó, nínú kílọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, ọkùnrin kan ti pápá dé tí òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní ohun tí òun ń mu lójoojúmọ́ ti sú òun, kí agbọ́tí wá nǹkan mìíràn fún òun. Agbọ́tí wo ohun tó wà ní iwájú rẹ̀, ó pò ó pọ̀, ọkùnrin náà mu ún, ó ní kí ó tún ṣe òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé gbogbo kílọ́ọ̀bù ń béèrè rẹ̀, láti Èkó títí dé òkè, tí wọ́n sì fi orúkọ ọkùnrin tó béèrè náà pe ohun mímu yìí. Nígbà kan Ṣeun béèrè orúkọ ẹni tó pò ó. Bàbá mi ní, "Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe é."

Lẹ́yìn tí a bá ti mu tiwa tán, tí a ti fi ìka nu ìdí ife, eré gọ́ọ̀fù ló kù. A máa ń gbẹ́ ihò sí àgbàlá, a ó ri agolo mílìkì mọ́ ọn, igi gúáfà ni igi wa, ọsàn tí kò tíì gbó ni bọ́ọ̀lù. Bàbá mi ló kọ́ wa bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń fi ojú wo bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò gbá a rí ní kílọ́ọ̀bù, ojú wíndò ló ti ń wò wọ́n. Ọjọ́ tí mo gbá ọsàn kan wọnú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ìdí mi tí n kò ní sọ níbí.

Ìyá Àgbà nìkan ni kì í bá wa dá sí i. Bí ó bá ti rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, yóò wọ yàrá rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn. Kì í bínú, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ọwọ́ tó ti bu ọtí fún ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè po ohun tí òun yóò mu. Bàbá mi á bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, á bo ife náà. Nírọ̀lẹ́, èmi àti Ṣeun la máa ń mu ún, a sì máa ń gbàdúrà kí Ìyá Àgbà má yí ọkàn padà.

Bí ó ṣe wá yí ọkàn padà, ẹ̀bi mi ni. Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ó lọ síbi ìsìnkú kan n'Ílémona. Ọkọ̀ tó gbé wọn bọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà díẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tó délé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n bu omi wá láti inú àmù òun. Àmù náà gbẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n pọn omi sí i láàárọ̀, eré ni mo ń ṣe. Mo dúró níwájú àmù náà, mo ń ro iye pàṣán tí ó máa jẹ́. Ni mo bá rí ife tí bàbá mi bò. Mo dà á sínú kọ́ọ̀pù tánńganran Ìyá Àgbà, mo gbé e fún un, mo kúnlẹ̀.

Ó mu ún láìmí, ó di kọ́ọ̀pù náà mú, ó wo inú rẹ̀.

Ó ní, "Rónkẹ́, kí lo fún mi?"

Mo ní, "Omi Dádì ni, mà."

Ó ní, "Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Láti ọjọ́ náà, kò ti ilẹ̀kùn mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá ọtí wà nínú rẹ̀, bàbá mi ní míńírà àti èso ni, ó sì gbà. Ó wá di pé Ìyá Àgbà ló ń rán wa létí pé Sátidé ti dé. Kò lè pe orúkọ rẹ̀, omi Jósẹ́fù ló ń pè é, nítorí Jósẹ́fù ni orúkọ bàbá mi. Kò pẹ́ tí ó fi sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé níbi ìkórè ọdún yẹn, omi Jósẹ́fù ni ẹgbẹ́ òun yóò fi ṣe àlejò gbogbo ìjọ, pé ọtí kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ìkórè ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti wọ kíláàsì karùn-ún nígbà náà, èdè òyìnbó kíkà sì ń gùn mí. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí ni mò ń kà, láti orí agolo dé ara àpò sìmẹ́ǹtì. Mò ń nu àwọn ohun èlò bàbá mi lọ́jọ́ kan ni mo bá ka bébà ara ìgò kékeré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí tíṣà wa ti kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìlera. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọtí ni wọ́n fi ṣe ohun tó wà nínú ìgò náà.

N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ni mo gbé ìgò náà lọ fún bàbá mi, mo fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní kílọ́ọ̀bù, ohun tó ń kán sínú jọ́ọ̀gì tó tó tó kì í jẹ́ ọtí lójú ẹnikẹ́ni, bí oògùn ni wọ́n ṣe kà á sí. Ìyá mi gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dákẹ́. Ó ní ẹ̀kán mélòó kan nínú jọ́ọ̀gì ńlá, ta ni yóò mọ̀? Bàbá mi ní bí ẹlòmíràn bá kà á gẹ́gẹ́ bí Rónkẹ́ ṣe kà á, ìyá òun ni ojú yóò tì níwájú ìjọ. Ó wọ yàrá Ìyá Àgbà lọ. Èmi àti Ṣeun lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn.

A gbọ́ tí ó ní, "Ìyá mi, ẹ dákun. Ọtí díẹ̀ wà nínú nǹkan tí mo ti ń fún yín mu. N kò ní i lọ́kàn láti tàn yín jẹ."

Nígbà tí bàbá mi jáde, ó kọjá lára wa bí ẹni tí kò rí wa.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìyá Àgbà kò fi sọ̀rọ̀ kankan tó ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Sátidé dé, kò sí ẹni tó fọ́ áìsì. Mo ronú pé èmi ni mo ba ilé wa jẹ́, mo sì pinnu pé n kò ní ka ohunkóhun mọ́ láyé mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó pe bàbá mi sí ilé ìdáná. Ó béèrè ohun tí ìgò náà ń ṣe nínú omi náà. Bàbá mi ṣàlàyé fún un pé ìkorò díẹ̀ ni, àti òórùn dídùn, pé bí kò bá sí i, omi ṣúgà lásán ni.

Ìyá Àgbà ní, "Ìkorò lo ń wá lọ sí ilé òyìnbó? Gbé ìkòkò yẹn fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbádùn jù nígbà èwe mi. Ìyá Àgbà mọ àgbo sè, kò sí ewé tàbí èèpo tí kò mọ̀. Òun àti bàbá mi jókòó ti iná lójoojúmọ́, wọ́n ń sè, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń jiyàn. Wọ́n fi ewúro sí àkọ́kọ́, Ṣeun tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sí ara ògiri. Wọ́n fi egbò kan sí èkejì, ó dà bí àgbo ibà. Wọ́n wá sá èèpo ọsàn sí oòrùn títí ó fi gbẹ, wọ́n sè é pẹ̀lú kànáfùrù, atalẹ̀ díẹ̀ àti orógbó tí wọ́n gún. Bàbá mi sẹ́ ẹ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó po Ṣápúmáànù, ó kán an sí i. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ mu. Ó di ojú, ó ṣí i, ó na kọ́ọ̀pù sí bàbá mi láti tún bu sí i. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú ilé ìdáná, n kò sì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ ìkórè, ìkòkò ńlá mẹ́ta la pò. Èmi àti Ṣeun ń gbé ife kiri nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì títí apá fi ń ro wá. Àlejò pàtàkì kan wà níbẹ̀ láti Ìlọrin, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà àgbà. Ó mu ife méjì, ó wá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti kọ́ irú nǹkan báyìí. Mo wà nítòsí, mo sì retí kí Ìyá Àgbà béèrè iye iṣu l'Ójòkú. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá mi.

Ó ní, "Jósẹ́fù ọmọ mi ló pò ó. Agbọ́tí ni ní kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ."

Gbogbo àwọn ìyá ẹgbẹ́ gbọ́ ọ. Bàbá mi kọjú sí ìkòkò, ó sì ń po ohun tí kò nílò pípò mọ́.

Ìyá Àgbà ti lọ sinmi láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, tíṣà sì ni mí gẹ́gẹ́ bí ìyá mi. Láyé òde òní, Ṣápúmáànù wà nínú ike ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà l'Ọ́fà, àwọn ọmọ mi sì ń ṣí fíríìjì mu ún láìronú pé ọjọ́ kan wà tí a ń dúró dè é láti Sátidé dé Sátidé. Mo tọ́ tiwọn wò, ó dùn bí oògùn ikọ́, kò sí ìkorò kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ odó fọ́ áìsì, kò sì sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè nítorí ohun tútù. N kò lè sọ pé tiwa sàn ju tiwọn lọ. Tiwa kàn pẹ́ lẹ́nu jù ni.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lóde òní tí kò sí nígbà tiwa. Ọmọbìnrin mi àgbà ń kọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Owó ilé ìwé ni mò ń san kí ó lè kọ́ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe. Lóṣù tó kọjá, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí bàbá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pé kí ó wá fi bí wọ́n ṣe ń po Ṣápúmáànù ìgbà àtijọ́ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ọ̀gá Agbọ́tí" ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n fi áyọ́ọ̀nù bá òun lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pè é sí. Nígbà tí yóò fi di aago méje, mo ṣì ń fọ ẹnu lọ́wọ́, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ mi, ó ń fun fèrè.